Ogún Wàláà fún Ilé Ìwé Oko

Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè pe àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dé orí èyí tó ń tòògbé nídìí ògiri. Mo mọ orúkọ olówó tó kó pàǹtí fún wa pẹ̀lú. N kò ní kọ ọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń kí mi lọ́nà, ọjọ́ orí mi kò sì gba ìjà mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló yẹ kó kọ ìtàn yìí, òun ló mọ ìwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n a ti sin ín.

Nígbà tí Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa, wọ́n rán an lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan lẹ́yìn Akpro-Missérété. Àká àgbàdo ni ilé ìwé náà tẹ́lẹ̀, koríko ló bo orí rẹ̀. Ìwé kíkà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Àbúrò mi ló máa ń gbé e sókè kí gbogbo ọmọ lè na ọrùn wò ó. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ̀wé sí kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn tí kò rí i lò ń fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ti lọ.

Ó kọ̀wé sí bírò kọ̀mándà, òyìnbó tó ń ṣe olórí agbègbè wa. Wọ́n dáhùn pé òyìnbó alábẹ̀wò ń bọ̀ bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀, bí ó bá dé tí àwọn ọmọ kò ní ohun tí wọ́n ń kọ̀wé sí, wọ́n á ti ilé ìwé náà pa. Lẹ́tà nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹfun ẹyọ kan kò bá a wá.

Ó wá bá mi ní Dówà, àdúgbò mi ní Àjàṣẹ́, eruku ọ̀nà bò ó dé orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ ilé àwọn olówó. Ẹ bá mi tọrọ."

"Kí ni kí n tọrọ? Ìyàwó?"

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ní ilé ìwé ná."

Òótọ́ ni, mo mọ ilé wọn. Aṣọ ni mo ń fọ̀ tí mo ń lọ̀ fún àwọn Àgùdà, àwọn tí bàbá wọn ti Bùràsíìlì dé sí Àjàṣẹ́. Ọdún méjì péré ni mo lò ní ilé ìwé ìjọ wọn kí bàbá wa tó kú, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé bí mo bá rí i. Mo ti rí i nínú àwọn àpótí onígíláàsì wọn, ó tò gbọọrọ, kò sẹ́ni tó ń ṣí i.

Mo gbé ẹ̀wù tí mo lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ bàálé ọ̀kan nínú wọn.

"Ìwé?" ló wí. "Fún ọmọ oko? Ṣé wọ́n fẹ́ fi di èlùbọ́ ni?"

Gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí owó ìfọṣọ mi.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti pe èèyàn jọ sí àgbàlá lẹ́yìn ìsìn. Ó fi Faransé sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọkùnrin méjì gbé àpótí kan jáde, mo kúnlẹ̀. Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé aláàánú ni. Nígbà tí a ṣí àpótí náà lóko, ìwé àdúrà ilẹ̀ Bùràsíìlì tí ikán ti jẹ ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó fi ń polówó fìlà àti agboòrùn. Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ rẹ̀ ló kù, wọ́n sì ti kọ ọ́ kún. Àbúrò mi ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tó funfun.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kọ ọ́ dé etí."

N kò lọ tọrọ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní òpópó wa. Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà ni, wàláà ló ń gbẹ́, pátákó tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń kọ̀wé sí. Mo kàn ń kọjá ni, mo ń ráhùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló jà ọ́ lólè?"

Mo sọ fún un. Ó ń gbẹ́ igi rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pè mí, ó fi ogún wàláà hàn mí, ó dán, ó sì lọ́wọ́ tí wọ́n á fi dì í mú.

"Igi ni o. Kò bi èèyàn bóyá kéwú ló fẹ́ kọ tàbí ti òyìnbó."

Ó ti ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe wàláà tuntun: àlùfáà ti fi tàdáà, yíǹkì kéwú, kọ Bísímílà sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí a bá fẹ́ fọ̀ ọ́, a kò gbọdọ̀ da omi rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ mu ún.

Nígbà tí a rù ú dé oko, àbúrò mi bi mí pé, "Ṣé ká fọ̀ ọ́?"

Òrìṣà ìdílé wọn ni àwọn òbí ibẹ̀ ń sìn. Ta ló fẹ́ fún ọmọ wọn ní omi kéwú mu? Láti dà á sílẹ̀ ńkọ́? Mùsùlùmí ni bàbá tó bí wa, mo sì ronú òógùn bàbá àgbà yẹn. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Kí wọ́n máa kọ tiwọn sísàlẹ̀." Ẹnu mi ló ti jáde.

Ó fi èédú fa ìlà sábẹ́ Bísímílà lórí gbogbo ogún. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Òyìnbó náà dé. Mo wà níbẹ̀, mo ti se adìyẹ dè é. Ó mú wàláà kan, ó wo òkè rẹ̀, ó pe ògbifọ̀ rẹ̀.

Ògbifọ̀ ní, "Ó ní ta ni àlùfáà ibí."

"Kò sí àlùfáà, Mùsé," ni àbúrò mi wí fún òyìnbó náà. "Pátákó lásán ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀, Faransé ni." Ó yíjú sí ọmọbìnrin kan. "Kà á fún wọn."

Ọmọ náà fi ìka tọ̀ ọ́, ó kà á já láìṣì. Òyìnbó kò fetí sí i, ó ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Kò fọwọ́ kan adìyẹ. Bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ògbifọ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ bíi tèmi, fi Nàgó, èdè wa, sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà! Ìlà kéwú kan ṣoṣo, ẹ kò lè nù ún?"

Kí òjò tó dé, lẹ́tà dé. Wọ́n ní ilé kéwú ni à ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, àwọn ọmọ padà sídìí ọkà, wọ́n sì ní kí àbúrò mi lọ máa da ìwé kọ ní bírò kan lókè lọ́hùn-ún.

Ó wà lọ́dọ̀ mi tó ń di ẹrù nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà kanlẹ̀kùn. Ó ru wàláà mẹ́wàá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ní wọn ò ní kárí. Ṣé wọ́n ń kà á?"

"Wọ́n ń kà á, Bàbá."

"Dáadáa?"

"Dáadáa ni, Bàbá. Ẹ ṣé o."

Mo kúnlẹ̀ gbà á, n kò sọ fún un pé wọ́n ti ti ilé ìwé náà pa. Àbúrò mi dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó jáde, kò bínú, kò gbóhùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún bá mi tọrọ nǹkan mọ́."

Kò sì tún ní kí n ṣe nǹkan fún òun mọ́. Nígbà tí àìsàn dá a padà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ogbó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí mo jókòó tì í, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ṣe ni yóò di ògiri mú, yóò dìde, yóò lọ bu omi fúnra rẹ̀.