Ìyá, Kí Lẹ Ń Tà?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé bàbá mi ní Ìbà, ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọwọ́ tó kọ́kọ́ wẹ̀ mí láyé kì í ṣe ọwọ́ ẹbí. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òjò rọ̀ títí omi fi dí ọ̀nà, kò sí ọkọ̀ tó lè gbé ìyá mi dé ọsibítù. Aládùúgbò wa kan tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, tó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó gbẹ̀bí mi, tó sì wẹ̀ mí. Ìyá àgbà a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Òun ni kò jẹ́ kí òórùn ẹja tán lára rẹ títí dòní." Ẹ̀yin ọmọ, mo máa ń gbé apá sókè gbóòórùn ara mi. Mo rò pé òótọ́ ni.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni obìnrin náà. Etí omi ìhà Òjó níbí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Èkìtì ni bàbá mi ti wá ní tirẹ̀. Nígbà tó kó ẹrù dé, obìnrin yìí ló fi ibi tí wọ́n ti ń pọnmi hàn án. Bí a bá ní ká wá àjèjì láàárín àwa méjèèjì, ẹ mọ ẹni tó yẹ kí ẹ nawọ́ sí.

Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó tilẹ̀ mọ òwe ju bàbá mi lọ, àmọ́ kò lè pe "ṣ". Iṣu á di isu, ẹ ṣé á di ẹ sé. Bẹ́ẹ̀ ẹja tó ń tà jù, ṣawá ni! Àwa ọmọ àdúgbò wá sọ ọ́ di eré. Tí a bá ti ilé-ìwé dé, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a ó pariwo pé, "Ìyá, kí lẹ ń tà?" Á dáhùn láti ibi ààrò, nínú èéfín, pé, "Sawá ni o!" A ó rẹ́rìn-ín títí a ó fi ṣubú sínú iyanrìn, òun náà á rẹ́rìn-ín, á wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹja kan. Ó mọ̀ pé à ń ṣe òun ní yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ náà ni owó ẹja. Èmi ni mo kọ́ àwọn àbúrò mi ní eré yìí, àwọn náà fi kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ lẹ́yìn tí èmi ti hu irùngbọ̀n.

Ìbò ayé ìgbà náà, ojú gbangba ni. Wọ́n á gbé àwòrán àwọn tó ń du ipò kalẹ̀, oníkálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. Mo rántí ọdún kan tí bàbá mi tò sí ìlà kan, tí obìnrin aládùúgbò wa yìí, Ìyá Ẹlẹ́ja, tò sí èkejì.

"Bàbá, ẹ ti sìnà o! Ibí ni àwọn tó mọ̀nà wà!"

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn yín wò. Ìlà yín kúrú bí ìrù ewúrẹ́!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ka orí tán, ìlà bàbá mi ló pàdánù. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá gbé abọ́ ẹja wá sílé wa, ó ní ẹni tó fìdí rẹmi ló yẹ kó jẹun. Bàbá mi jẹ ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ayé ìgbà náà dára tán. Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi wọ́gi lé gbogbo rẹ̀, tí ìlà gígùn àti ìlà kúkúrú jọ di òfo. Àmọ́ kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè lórí ìlà pé ta ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń dùn mí.

Ìbò tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi jọ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé. Ìyá Ẹlẹ́ja wà níwájú wa, èèyàn mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n láti oṣù tó ṣáájú ló ti ń wí fún gbogbo àdúgbò pé kò tíì sí ìbò kan tí òun pa jẹ rí láyé òun, pé èyí náà kò ní kọjá òun.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dé. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò, síbẹ̀ wọ́n ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń ka orúkọ. Èyí tó ṣáájú wọn, àdúgbò wa ló dàgbà sí.

"Màmá, orúkọ wo rèé? Kò jọ orúkọ wa."

"Orúkọ bàbá mi ni. Bàbá tìrẹ ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí kò tíì wọ sòkòtò!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá yíjú padà sí i, ó ní:

"Ìyá, kí lẹ ń tà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú arúgbó yẹn tàn. Ó rò pé eré wa ni. Ó ní, "Sawá ni o, ọmọ mi! Sawá ni!" Ó ti ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó mú ẹja kan tó fi bébà dì jáde, ó nà án sí i.

"Ẹ gbọ́ bí? Kì í ṣe ọmọ ibí. Màmá, ẹ gba ilé lọ, kó má di wàhálà."

Bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí ọmọ yẹn, ọmọ Ìbàdàn ni, "ṣ" kò sí lẹ́nu òun náà. Gbogbo wa la mọ̀. Gbogbo wa la dákẹ́. Ìyá wẹ̀yìn wo ìlà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí tèmi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkókómáíkò, àwọn ọmọ wọ̀nyí náà ló ń jẹ gàba lójúde ibẹ̀. Ìyàwó mi sì di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. Mo wolẹ̀. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ó ti ń lọ, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù: n kò kúrò lórí ìlà. Ó kàn mí, mo tẹ̀ka. Ìka ni mo rò pé mo tẹ̀, àṣé ìkà ni mo ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ní ìbò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní àdúgbò wa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá ẹnu tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi délé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti kó o lọ sí ìwájú Ìjaníkin, òjò sì ti ń wó ààrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó ti kú. Ọwọ́ tó wẹ̀ mí ti wọlẹ̀, n kò bẹ̀ ẹ́.

Ọdún ìbò ti tún dé báyìí. Wọ́n ti lẹ àwòrán ọkùnrin kan mọ́ ògiri ilé Ìyá, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo wa la ni ìlú yìí. Láyé àtijọ́, àwòrán là ń tò sẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, ẹ̀yìn ẹ̀rù la tò sí, ìlà náà sì gùn ju ti ìgbàkígbà lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì, èmi ti jókòó sílé ní tèmi, ojú kò jẹ́ kí n lọ mọ́. Àmọ́ tí ẹ bá dé orí ìlà, tí wọ́n bá bi arúgbó tó wà níwájú yín pé kí ló ń tà, ta nínú yín ni yóò bá a dáhùn pé, "Sawá ni o"?