Kíkùn Inú Dùùrù Joel

Joel ń tún rédíò ṣe l'Ókìtìpupa, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Erinje. Àtìgbà tí wọ́n ti so dùùrù náà mọ́ iná sólà ni sípíkà ti ń kùn bí oyin. Joel bá yọ òrùka dúdú kan lára wáyà kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, ó ki wáyà dùùrù gba inú rẹ̀ léraléra. Òrùka náà ń jẹ́ kí iná kọjá, ó sì ń dá ariwo dúró. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kíkùn náà dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bi ìyá ìjọ pé, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ dùùrù lónìí?"

"Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Mo sì gbọ́ gbogbo ibi tí o ti ṣì í tẹ̀."

Ojú ti Joel, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ náà, tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ́kọ́ yà sí láti lọ fi dùùrù kọ́ra.