Orúkọ Méje Tó Kù

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìjà ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Ìpàdé ni. Ní Chicago, láàárín àwọn ọdún 1980, èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ní yunifásítì wa, òfin ẹgbẹ́ náà sì ni pé a kì í dìbò. Gbogbo wa gbọ́dọ̀ gbà kí ọ̀rọ̀ tó lè jókòó. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun ò gbà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jiyàn lórí àwọ̀ bébà tí a ó fi kéde ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí a sì fi máa fẹnu kò, ọjọ́ ìpàdé náà ti kọjá.

Bí mo ṣe di ààrẹ kò ní ògo kankan nínú. Mo lọ tọ̀ ni. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti yàn mí, ìyẹn nìkan sì ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbà láìjiyàn lọ́dún náà.

Yàrá kan ni yunifásítì fún wa, nísàlẹ̀ ilé ńlá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Tẹlifóònù kan wà níbẹ̀. Láti aago méjì ọ̀sán sí aago mẹ́rin, ẹnì kan nínú wa ní láti jókòó tì í, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà máa ń pè. Àwọn mìíràn á pè, wọn ò ní sọ nǹkan kan, mímí wọn nìkan lo máa gbọ́. A kì í gbé tẹlifóònù kalẹ̀ fún irú wọn. Ẹnì kan wà tó ń mí sí mi létí fún oṣù kan gbáko kó tó la ẹnu bi mí pé, ṣé ẹ pọ̀ níbẹ̀? Mo ní a pọ̀. Nítorí tẹlifóònù yẹn ni mo ṣe ń fara da gbogbo ìyókù.

Ọdọọdún sì ni ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lẹ ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó tó wà níwájú ọ́fíìsì wọn fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà yàrá àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ máa ń wà lókè ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ wọn ní kíkún sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá pé mẹ́jọ títí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n dá, yóò dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, wọn yóò sì yọ tẹlifóònù rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì pé mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Tiwa lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí pátákó pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, tèmi.

Èmi àlejò, tí mo ń fi ìwé ìgbélùú gbé, tí wọ́n lè dá padà sílé lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n! Àwọn onílé wá ń sá pamọ́. Ará Naperville kan ní ọ̀rẹ́ ìyá òun ń gba iwájú pátákó náà kọjá. Ará Tinley Park kan ní òun á fọwọ́ sí i bí àwọn mẹ́fà bá ti ṣáájú òun, àwọn mẹ́fà náà sì ní ohun kan náà. Ọ̀gbẹ́ni kan wà, tó máa ń gbé báàjì àtakò bíi mẹ́wàá kọ́ àyà lójoojúmọ́, ó ní ní tòun, òun lòdì sí kí aláṣẹ máa ka ènìyàn bí ẹran. Mi ò sọ pé kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Mo mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ síta nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà, gbogbo wọn sì ń wá jẹ dónọ́ọ̀tì tí mo ń rà sí ìpàdé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá fẹjú ni ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Nọ́ọ̀sì ni ní Aurora, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá wa, òun ló sì mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wọ rélùwéè lọ sí ilé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, mo pè é pé mi ò ní lè wá, ó bèèrè ohun tó dé, mo ní ìpàdé ni, pé wọ́n ti fi mí jẹ ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa fi joyè tí á lè gbé e mì?

“Ààrẹ! Àbúrò mi! Allahu Akbar!” Mo ní láti gbé tẹlifóònù jìnnà sí etí. “Nínú yunifásítì àwọn òyìnbó! Ẹgbẹ́ kí ni?”

“Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, Àǹtí mi.”

Irọ́ kọ́ nìyẹn. Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e tó kọjá, gbogbo mọ́ṣáláṣí wa ti gbọ́. Àwọn àgbààgbà ń pè mí ní Ààrẹ. Bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n bá òun bá àwọn aláṣẹ yunifásítì sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gba ọmọ òun wọlé. Mo ní màá gbìyànjú.

Ohun tí mo gbàgbé ni àṣà tiwa gan-an: ẹni tí wọ́n bá fi joyè, àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ ẹgbẹ́. Bí wọn ò bá bọ́ ẹgbẹ́, á dà bí ẹni pé kò ní ẹnì kankan. Èmi gbàgbé, ẹ̀gbọ́n mi ò gbàgbé.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa. Àwa bíi mẹ́wàá jókòó ní yàrá ìsàlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń jiyàn bóyá ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe ìfipámúni. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró síbẹ̀ nínú kóòtù òtútù rẹ̀, pẹ̀lú ìborùn lórí, tó gbé kúlà ńlá kan dání. Ó ti fi orúkọ mi bèèrè wa ní ọ́fíìsì òkè, wọ́n sì ti ní kó lọ wo nọ́ńbà yàrá wa lára pátákó.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé mo dákú ni, àwọn méjì sáré dìde láti gbé mi, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wojú mi. Ó gbé kúlà lé tábìlì, ó ṣí i. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, àti mọ́ínmọ́ín elẹ́yin.

“Eat, eat, please. Mi ò fi ata púpọ̀ sí i.”

Wọ́n jẹun, wọ́n ń yọ̀. Obìnrin kan sọ sí mi létí pé orí mi mà dára o, tí mo ní ẹ̀gbọ́n tó gba tẹni báyìí. Ọ̀gbẹ́ni oníbáàjì jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Èmi ò fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó ka nọ́ńbà yàrá lára ìwé yẹn ti ka orúkọ ẹgbẹ́ lókè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń bá àwọn aláìsàn tó kọ̀ láti lo oògùn wí.

“Ta ni akọ̀wé yín?” Akọ̀wé na ọwọ́. “Ta ni igbá kejì?” Òun náà na ọwọ́. “Mo ka ìwé orí pátákó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ojú mi ni. Mi ò rí orúkọ yín. Orúkọ àbúrò mi nìkan ló dúró ní kọ́rídọ̀ níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Orúkọ bàbá mi ni o. Ẹ fi í jẹ ààrẹ, ẹ sì fi í sílẹ̀ síta. Nílé wa, wọ́n ní ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí.”

Ọ̀gbẹ́ni oníbáàjì ní ṣé kí òun ṣàlàyé, pé ó ní ìlànà tí òun ń tẹ̀ lé.

“O jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. “Ìlànà wo lo tẹ̀ lé jẹ wọ́n?”

Lẹ́yìn náà obìnrin tó sọ̀rọ̀ sí mi létí dìde, ó mú bírò, ó jáde. Akọ̀wé tẹ̀ lé e. Wọ́n tò lọ sí iwájú pátákó pẹ̀lú ọwọ́ elépo, láìjiyàn, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ wa. Ọ̀gbẹ́ni oníbáàjì ló ṣe ìkẹjọ. Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ọ́fíìsì fi ìka méjì gbé ìwé náà nítorí epo, ṣùgbọ́n ó kà á, ó pé.

Mo sin ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Mo ní, “Àǹtí mi, ìwé tí ẹ kà yẹn...”

“Mo ti kà á. Mi ò ní kó o túmọ̀ ẹ̀ fún mi.” Ó jókòó, ó di bẹ́líìtì. Ó ṣáná sí mọ́tò. “Má wá sí Aurora ní weekend yìí.”

Ó lọ láìgbé kúlà rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ara mi, mo sì sunkún bí ọmọdé. Kò ṣẹ́ku ẹlòmíràn fún mi ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Mi ò lọ sí Aurora, kò pè mí. Kúlà náà wà lábẹ́ tábìlì tẹlifóònù, mo sì máa ń fẹsẹ̀ kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, èmi ló kàn láti jókòó ti tẹlifóònù, ó dún. Mo gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mímí nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ṣe bí a ti máa ń ṣe: mo ní mo wà níbí, kò sí ìkánjú. Ó pẹ́ gan-an. Mi ò gbé e kalẹ̀.

“Nọ́ńbà tó wà lára pátákó yẹn ni mo pè,” ni ẹ̀gbọ́n mi sọ níkẹyìn. “Àwọn méje yẹn, ṣé wọn ò tíì pa orúkọ wọn rẹ́?”

“Wọn ò pa á rẹ́, Àǹtí mi.”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú.

“Ó dáa. Mo wà ní off ní Saturday. Gbé kúlà mi wá.”