Wọ́n Kí Mi Kú Oríire Ọmọ Tí N Kò Bí

Òórùn àdín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rántí pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà, ní yàrá iwájú ilé wa ní Odode, tí mo ń ran aṣọ ìyá akọrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá ọkọ mi kì í wá láìkọ́kọ́ ránṣẹ́. Atosin ni ó ń gbé nígbà náà, nídìí oko kòkó tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀, orúnkún sì ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n òun nìyẹn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́, tó gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ìgò àdín wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tuntun àti aṣọ ìpọ̀nmọ kan tí ó ti ká dáadáa. Bí mo ti kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, o ṣeun. O ò dójú tì mí. Níbo lọmọ wà? Ṣé ó ti sùn ni?"

Mo ní, "Ọmọ wo, Màmá?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi pa mọ́ fáwọn ọ̀tá ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣọ̀tá yín. Gbé e wá kí n wẹ̀ ẹ́."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń retí ọmọ. Mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ní Àkúrẹ́ títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kí mi bí ará ilé. Èmi ni obìnrin arúgbó yìí wá ń bèèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ló gùn ún. Ó wọ yàrá lọ, ó ká àwọ̀n ẹ̀fọn sókè, ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo sì ń tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá bí ẹni pé èmi náà ń wá ọmọ ọ̀hún. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá òun ṣe oko kòkó, bàbá kan tó wá láti apá Ọ̀ṣun, ló fi àwòrán mi han òun lórí fóònù, tèmi tọmọ, tó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún òun.

Ọkọ mi ló wá àwòrán náà rí nígbà tó ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Owena dé. Èmi ni lóòótọ́. Ọmọ àbúrò mi ni mo gbé sí itan, ní ọjọ́ ìkómọjáde rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sórí ìkànnì, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olúwa, tèmi náà yóò dé." Ẹnì kan tó ń ta àgbo inú ìgò fáwọn tó ń wá ọmọ ti mú un, ó yọ ọ̀rọ̀ tèmi kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i: "Obìnrin yìí wá ọmọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó lo àgbo wa. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀.

Ọkọ mi ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ò tíì lò ó ni?"

"Màmá, irọ́ ni wọ́n pa."

"Mo gbọ́ pé irọ́ ni. Mo ní ṣé ẹ ò tíì lò ó?"

Lọ́jọ́ kejì ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní òun yóò máa fi àdín náà ra orúnkún.

Kí ẹni tó ń kà á má rò pé ará oko tí kò mọ̀kan ni mí nígbà náà. Kò sí ohun tí mo ń ṣe tí ayé kò mọ̀. Bí mo bá tẹ ẹ̀bà, mo ti gbé àwòrán rẹ̀ sórí ìkànnì kó tó tutù. Bí mo bá ran aṣọ tán, mo ń gbé e kọ́ sára ògiri, mo ń yà á lápá ọ̀tún, mo ń yà á lápá òsì. Mo mọ ọjọ́ìbí àwọn èèyàn tí n kò rí rí láyé. Mo ń pe èyí ní ọ̀làjú, mo sì máa ń fi àwọn obìnrin tó ń lo fóònù kékeré ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn ẹ̀fà rárá.

Ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọjà, obìnrin kan fún mi ní iṣu, ó ní fún ìyá ìkókó ni. Bí mo bá ní mi ò bímọ, àwọn kan á ṣẹ́jú sí mi, bí ẹni tó lóye pé mo ní ìdí tí mo fi ń sẹ́. Èyí tó wá le jù ni àwọn tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè ibi tí mo ti ra àgbo náà. Mo rí ojú wọn, mo sì mọ ojú náà. Ojú tèmi ni.

Nígbà tó sú mi, mo pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwòrán. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù ló gbé e.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo wà nínú àwòrán tí ẹ fi ń polówó yìí."

Ó ní, "Ẹ kú oríire o, Mọ́mì. Ṣé ọmọ ń ṣe dáadáa?"

"Mi ò bímọ."

Ó ní, "Á jẹ́ pé ẹ ò tíì parí ìgò àkọ́kọ́. Ẹ má jáwọ́ o."

Mo ní mi ò lò ó rí, wọ́n jí àwòrán mi ni. Ó ní òun kọ́ ló ń gbé àwòrán síbẹ̀, àwọn ọ̀gá òun ni. Iṣẹ́ tòun ni kóun máa dá àwọn tó bá pè lóhùn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó bi mí pé mo ti ń retí ọmọ tó ìgbà wo, mo sì sọ fún un. Títí di òní, mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì," bí ẹni pé ó dùn ún dénú, omi sì lé sí mi lójú. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti ń bi í bí wọ́n ṣe ń lo àgbo náà, bóyá kéèyàn tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo sì yára pa fóònù.

Ìbéèrè tó jáde lẹ́nu mi yẹn ló dẹ́rù bà mí ju àwòrán lọ. Ojú tèmi fúnra mi, tí mo mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n fi pa, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á fún mi yẹn. Kí wá ni ojú àwọn tí n kò mọ̀ ti tà fún mi láti ọjọ́ yìí wá? Mo wo yàrá yí ká, mo wo ìpara tó wà lórí tábìlì, mo wo bàtà tó ń fún mi lẹ́sẹ̀ tí mo rà nítorí pé mo rí i lẹ́sẹ̀ ẹnì kan, mi ò sì lè sọ èyí tó jẹ́ pé ọkàn èmi ló fẹ́ ẹ.

Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo yọ orúkọ mi kúrò lórí gbogbo ìkànnì, mo fún àbúrò mi ní fóònù ńlá, mo ra kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì. Bí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ ìpolówó, mo ń pa á. Bí mọ́tò tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn bá gba iwájú ilé kọjá, mo ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo tiwọn. Ọkọ mi kò fara mọ́ ọn.

Ó ní, "Àwọn ló jalè, àwa la wá ń sá."

Mo ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ó ní, "Ekòló lò ń sá fún yìí. Ejò ṣì wà lórí fóònù tèmi."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti fẹjọ́ àwòrán náà sun àwọn tó ni ìkànnì títí. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lónìí, a ó tún rí i lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Mo rò pé ọkàn mi yóò balẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dé bá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi tó ń rí iṣẹ́ mi lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí kò dùn mí tó ti ìyá akọrin. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ẹ̀rín kí i, mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Bàbá ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o."

Ó wò mí, ó ní, "Wọn yóò gbọ́," ó sì kọjá lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti kú sí ọsíbítù ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Orí fóònù ni wọ́n ti kéde rẹ̀, nínú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti jáde. Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, "Gbogbo ayé ló mọ̀. Níbo lo wà?" Ilé mi kò jìnnà sí tirẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jáde nírọ̀lẹ́ láti yà kí àwọn èèyàn nílé wọn, kí n lè mọ ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó ti rìnrìn àjò. Àwọn kan ní mo ti ya olófòófó.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí mo ti dẹ́kun ìṣirò oṣù, mo lóyún, mo sì bí ọmọbìnrin kan. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọjáde. Inú bí àwọn ẹbí ọkọ mi, wọ́n ní irú ayọ̀ wo ni èyí tí a kò lè fi han èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú sọ ló dà mí lọ́kàn rú: "Àgbo yẹn mà ṣiṣẹ́ o." Mo ní rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti rí àwòrán tipẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi lé e bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn.

Ohun kan tún wà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìyá ọkọ mi máa ń fi àgbo ránṣẹ́ sí mi nínú ike láti Atosin. Ó ní àgbo ibà ni. Ó korò bí gbogbo àgbo ti í korò, mo sì ń mu ún nítorí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Nígbà tó wá wẹ ọmọ, ọ̀rọ̀ náà sọ sí mi lọ́kàn lójijì.

Mo ní, "Màmá, àgbo tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ yẹn, ṣé àgbo ibà ni lóòótọ́?"

Ó bu omi sí ọmọ lẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé ibà ṣe ọ́?"

Mo ní, "Kò ṣe mí."

Ó ní, "Kí lo wá ń bèèrè?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi lọ sọ́run.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, obìnrin kan tí kò dàgbà tó mi wá láti Owena. Ó ní wọ́n júwe ilé mi fún òun. Ó ti rí àwòrán náà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni kóun tó ra àgbo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dé ìdí, bí mo ti sọ ọ́ níhìn-ín.

Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lò ó ni àbí ẹ ò lò ó?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó wo ilẹ̀. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun ya àwòrán ọmọ mi, kóun lè máa wò ó bóun bá ń gbàdúrà. Mo ní rárá, ó sì dùn mí bí mo ti sọ ọ́. Mo pe ọmọ náà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń jẹ àgbàdo, mo ní kó jókòó ti Àǹtí. Mo ní, "Wò ó bó o ti fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ." Obìnrin náà mú un lọ́wọ́. Ọmọ mi bi í ní orúkọ rẹ̀, ó bi í níbi tó ti wá, ó sì fún un ní àgbàdo díẹ̀ jẹ. Òjò dé bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi dá.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ra àgbo náà nígbà tó délé. Fóònù kékeré ni mo ṣì ń lò. Bí ẹnì kan bá bi mí bóyá ohun tí mo yàn yìí dára, mo máa ń sọ fún un pé ilé mi dákẹ́ rọ́rọ́, òótọ́ sì ni. Ohun tí n kò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni bóyá ìdákẹ́rọ́rọ́ náà ni mo ń wá.