Ẹni Tó Fi Òwú Sínú Ìgò Tàdáwà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: àbúrò bàbá mi obìnrin, tí àwa ọmọdé ń pè ní Tàǹtí, kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹnu rẹ̀ mú, ìgbájú kò sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kúrò nílé ọkọ nítorí kò rọ́mọ bí, ó padà sí agboolé wa ní Adja-Ouèrè, ó wá di ọ̀gá lé gbogbo wa lórí.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé nígbà náà. Kálámù onírin tí à ń tì bọ inú tàdáwà la fi ń kọ̀wé, ojoojúmọ́ la sì ń gbé ìgò tàdáwà gba àárín oko àgbàdo lọ sílé-ìwé. Bí gbòǹgbò ọ̀pẹ bá ti gbé ọ ṣubú, ó parí. Lọ́jọ́ kan mo da tèmi sórí aṣọ funfun tí Tàǹtí fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yéè! Etí mi hó. Nígbà tó gbá mi tán, ó fa òwú yọ nínú ìrọ̀rí, ó tì í bọ inú ìgò náà, ó bu tàdáwà mìíràn sí i, ó ní, "Ó yá, òpònú, tún un dà kí n rí i." Mo dojú ìgò dé, ẹ̀kán kan kò já bọ́. Bí a bá sì fi ẹnu kálámù tẹ òwú yẹn, ìwọ̀nba tó yẹ ló ń gbé. Kò pẹ́ rárá, láti Ikpinlè dé Tatonnonkon, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò ní òwú nínú ìgò, kò sì sí ìrọ̀rí tó kún mọ́. Wọ́n ní àwọn ààfáà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Tàǹtí, kí ẹ wò ó.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà fún un: kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ má rò pé ohun kékeré ni. Kò bímọ, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ìyá lágbájá. Àwọn ìyàwó ilé wa kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, torí ọmọ ilé ọkọ ni, ọkọ wọn ni. Eyínfúnjowó ni wọ́n ń pè é. Eyín tí obì ti sọ di pupa o!

Lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, aláṣẹ ìjọba kan wá sí pápá ilé-ìwé, ó wọ kóòtù nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ó rí ìgò kan, ó dojú rẹ̀ dé, ẹnu yà á. Ó ní, "Ta ló ronú kan èyí?" Àwọn ìyàwó ilé wa, ìyá mi ló ṣáájú, pariwo pé, "Eyínfúnjowó ni!" Ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, òun fẹ́ orúkọ gan-an. Àwọn ìyàwó wolẹ̀. Tàǹtí na ọrùn, ó ń fojú bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi tó lè pè é wà lóko. Ó ní òmìnira kò ní bá òun ro àgbàdo. Ni ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tó jẹ́ pé etí nìkan ló ń fi òwú ro, bá tẹ̀ síwájú: "Ilé-ìwé wa ló ṣe é, Ọ̀gá." Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwa náà pàtẹ́wọ́, ojú ò tì wá.

Nígbà tí wọ́n bi Tàǹtí pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní, "Ta ló ń kí ara rẹ̀ káàbọ̀?"

Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá mi kú, ẹni ìkẹyìn tó ń pe Tàǹtí lórúkọ. Ìjọba sójà dé, wọ́n ní àyípadà ńlá ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n rán wá, tó ń pe gbogbo èèyàn, títí kan ìyá mi, ní kámáráàdì, bí ẹgbẹ́ rẹ̀, sọ pé àwọn òyìnbó ló fi ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀ pamọ́, pé òun ó bu ọlá fún ẹni tó ni òwú inú ìgò. Kálámù ìgbàlódé tí kì í lo ìgò ló fi ń kọ ọ́ sílẹ̀! Tàǹtí gba yàrá dé yàrá nínú agboolé: "Mo yọ̀ǹda fún yín. Lọ́la, ẹ pe orúkọ mi." Wọ́n ní, "A ti gbọ́, ọkọ wa."

Ilẹ̀ mọ́. Kámáráàdì gbé ìgò kan sórí tábìlì ní pápá ilé-ìwé, ó béèrè orúkọ ẹni tó ni ọgbọ́n náà. Ìyá mi jáde, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ìyàwó tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà wo èkejì rẹ̀. Àwọn ìyàwó kékeré kò gbọ́ ọ rí láyé. Ìyá mi rọra ní, "Mo gbàgbé o. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n ò fi sẹ́nu rí." Wọ́n bá kọjú sí mi. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, Faransé ń ṣàn lẹ́nu mi. Mo ní, "Tàǹtí ni." Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

Tàǹtí kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó mú ìgò náà lórí tábìlì, ó sì kọjá lọ sílé.

Mo sáré tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ orúkọ náà fún mi, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Látọjọ́ tí ẹ ti ń fi òwú mi kọ̀wé, kí ni ẹ̀ ń kọ?"