Ọ̀rọ̀ tí Verlene Sọ ní Gbọ̀ngàn Àwọn Olórin

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Verlene Tuggle sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀, kí n má sì jẹ́ kó ju ojú ewé kan lọ. Mo kọ ọ́, wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn sunkún. Èyí tí mò ń kọ yìí ni mi ò lè fún wọn kà. Èmi ni Lucius Rayford, èmi ni mo tẹ dùùrù fún un láti ọjọ́ tó dé Kansas City títí di ọdún 1971 tó kú.

Muskogee ní Oklahoma ni wọ́n bí i sí. Díákónì ni bàbá rẹ̀, lójú tirẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ láàárín orin ijó àti ọtí. Ní ọdún 1934, nígbà tí Verlene pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó gbé àpótí kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kansas City, ó ń fọṣọ àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ibi ìfọṣọ yẹn ni Clovis Hadnot, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa, ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó lọ gba kóòtù rẹ̀. Ó ní kó wá bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Mo wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀.

"Ọmọdébìnrin, kí lo mọ̀ ọ́n kọ?"

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa, Bùrọ̀dá."

Yéè! Àwọn afọnfèrè bú sẹ́rìn-ín. "Rayford, ó ti mú ẹ o!" Mo bínú, mo ń sáré lórí dùùrù kí ó lè ṣìnà. Kò ṣìnà. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ akọrin lóde òní lè rò pé òun ni olórí. Irọ́ ni. Ní ayé orin ijó tí wọ́n ń pè ní swing, àwọn fèrè ló ni ijó. Wọ́n á gbé àga kan síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù mi, Verlene á jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ tó ń dán, á ká ọwọ́ lé itan, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Tí a bá ti fọn fèrè dé àárín orin, á dìde lọ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á kọ ẹsẹ kan ṣoṣo, á padà wá jókòó. Àwa la máa parí ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Bó ti wù kí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì wa ń rìn jìnnà tó, bí wọ́n bá lé wa kúrò ní ilé oúnjẹ nítorí àwọ̀ wa, ẹ̀rín yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Ní ọdún 1938 a gba orin kan sílẹ̀ tí gbogbo ìlú ń jó sí. Ohùn Verlene ló tà á, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sórí àwo ni "Clovis Hadnot àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀", wọ́n sì kọ "pẹ̀lú akọrin" sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Verlene gbé àwo náà lọ sí Muskogee láti fi han bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà wọ awò ojú, ó yí àwo náà síwá sẹ́yìn.

"Orúkọ ta nìyí?"

"Orúkọ ọ̀gá wa ni, Bàbá."

"Tìẹ ńkọ́?"

Verlene na ìka sí ibi tí wọ́n kọ "pẹ̀lú akọrin" sí. Bàbá dá àwo padà fún un, ó sì lọ sí oko rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló kù tí Verlene ń wá láyé yìí: àwo orin tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì, kò sì fi ṣàwàdà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, yúníọ̀nù wa kéde ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó bá ń fọn fèrè, tó ń ta gìtá tàbí tó ń tẹ dùùrù kò gbọ́dọ̀ ṣe àwo kankan, títí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà á yóò fi fún wa ní owó ẹ̀tọ́ wa. A ṣì lè ṣeré níbi ijó. Ẹni tó bá rú òfin, wọ́n á gba káàdì yúníọ̀nù rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ní káàdì ti dẹni tí kò níṣẹ́. Àwọn akọrin nìkan ni òfin ò mú, nítorí yúníọ̀nù ò ka ọ̀fun mọ́ ohun èlò orin.

Verlene wá sí gbọ̀ngàn yúníọ̀nù wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. A tó ogún ọkùnrin níbẹ̀, à ń jẹ ẹja díndín.

"Ọ̀gá," ó sọ fún Hadnot, "wọ́n fẹ́ gba orin mi sílẹ̀ ní Chicago. Obìnrin mẹ́rin ló máa gbè é lẹ́yìn mi. Kò ní sí fèrè, kò ní sí dùùrù. Orúkọ mi ni wọ́n máa kọ sí i, gàdàgbà."

Hadnot ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo dìde.

"Kò ní sí dùùrù, àbí? Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fẹ́ fi ẹnu rọ́pò wa, Sístà Verlene ló sì fẹ́ yá wọn lẹ́nu!"

"Bùrọ̀dá Rayford, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ? Kí ebi máa pa àwa, kí ìwọ máa gba orúkọ?"

"Ọdún mẹ́sàn-án, sà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà lórí àga yẹn."

"Tí o bá lọ, má padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ò ní jókòó ti dùùrù mi!"

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó dáa. Mi ò ní lọ. Títí ìyanṣẹ́ yìí á fi parí, mi ò ní ṣe àwo fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

A pàtẹ́wọ́ fún un, ẹnì kan bu ẹja fún un. Ọkùnrin tí ilé iṣẹ́ àwo ti Chicago rán sí i kò gbà. Ó fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ fún un, ó ní òun á padà wá ní ìparí oṣù kẹwàá bóyá yóò ti yí ọkàn padà.

Ní oṣù kẹjọ, mo lọ sí Chicago. Mo wọ yàrá abẹ́ ilé kan lójú ọ̀sán gangan, mo tẹ orin mẹ́rin sínú àwo. Orúkọ èké kan, Chick Dooley, ni wọ́n kọ sórí àwo náà. Mi ò lè purọ́ pé ebi ló lé mi débẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò gbọ́ ara mi nínú àwo, ó sì ń hún mi. Mo padà sílé, mo panu mọ́.

Nígbà tí oṣù kẹwàá parí, Verlene dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin kan láti St. Louis, orúkọ onítọ̀hún sì kárí ayé. Nígbà tí ìyanṣẹ́ fi máa parí, ayé ti yí padà. Àwọn akọrin tó ti lórúkọ ni gbogbo èèyàn ń wá, wọn ò wá ẹgbẹ́ olórin mọ́. Ẹgbẹ́ Hadnot tú ká ní 1946. Verlene di alásè ní ilé ìwé àwọn ọmọdé. Ó fẹ́ Thurman tó ń pín lẹ́tà kiri, Thurman kú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo sì ń tẹ dùùrù lẹ́yìn rẹ̀. Àwo tó lórúkọ rẹ̀, kò rí i ṣe.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀, mo lọ kí i. Mo jókòó, mo ń yí fìlà lọ́wọ́ bíi tọmọdé.

"Sístà Verlene, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ẹ tipẹ́."

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe ní Chicago ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Wọ́n ń fi irin gbígbóná jó irun mi kó lè nà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, wọ́n gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ. Chick Dooley kọ́, Chick Dooley ni! Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo jókòó sí láti ọjọ́ yìí wá, Bùrọ̀dá. Mo ní, áà, Rayford rèé, ó tún ń sáré."

"Nígbà wo nìyẹn?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọkùnrin Chicago yẹn padà wá. Ìwé ẹ̀ wà nínú báàgì mi, lórí itan mi níbẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò fọwọ́ sí i? Èmi tí mo bú ẹ, èmi náà ni mo rú òfin!"

"Ó wù mí. Mo sunkún débi pé obìnrin tó ń jó irun fún mi ní òun á jó mi létí. Ṣùgbọ́n ogún èèyàn ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ẹ̀yin nìkan lẹ lọ Chicago. Àwọn yòókù ńkọ́?"

"O ò sì fẹjọ́ mi sùn."

"Kí wọ́n gba káàdì yín? Ọmọ yín ò tíì rìn nígbà yẹn."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi tẹ́ ẹ bá ti jókòó sídìí dùùrù, màá máa rò ó pé bóyá lónìí lẹ máa sọ fún mi."

Ó ní òun fẹ́ omi, mo bu omi fún un. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó kú.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mò ń pa àṣírí yẹn mọ́. Òun ló ń bá mi pa á mọ́, èmi sì ń jẹun lórí ẹnu tó pa mọ́ fún mi.