Ọjọ́ Tí Mo Dárúkọ Bàbá Mi Lójú Odò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ugbonla, ọkọ̀ ojú omi la fi ń ṣe ẹsẹ̀ rìn. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi, apẹja ni. Òdìkejì odò ni ìyá mi ti wá, láàárín àwọn tí èdè wọn kò bá tiwa mu rárá, èdè yẹn ló sì fi ń bá mi wí tí inú bá ń bí i. Tí a bá ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, a kì í ṣàdédé gúnlẹ̀ sí èbúté wọn. A ó dáwọ́ àjẹ̀ dúró lókèèrè, a ó gbé e lé itan, a ó sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́, bàbá ṣáájú, ìyá tẹ̀lé e, a ó wá dúró títí wọn yóò fi dáhùn. Inú mi kì í dùn sí i, torí ebi á ti máa pa mí, òórùn ẹja yíyan á sì ti máa bá wa lójú omi.

Ẹ má pè mí ní arúgbó oníròyìn àsọjù, mo ń bọ̀ níbi ọ̀rọ̀. Mo dàgbà, mo di akọ̀ròyìn ní Àkúrẹ́. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì odò. Ọ̀gá mi ní kí n lọ kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo ń wá lọ. Bàbá ti kú, ó sì ku ìyá nìkan ní Ugbonla, láàárín àwọn tó ń bá èèyàn rẹ̀ jà.

Mo háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan lọ. Níbi tí odò ti há, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìhà ìyá mi yọ sí wa tìbọntìbọn. Awakọ̀ wa fẹ́ sá, mo ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Mo gbé àjẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ lé itan bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì dárúkọ bàbá mi ṣáájú. Orúkọ Ìlàjẹ, lójú ogun. Àfi bí ẹni pé mo gbàgbé orí mi sílé. Kí n tó kan orúkọ ìyá, ìbọn ti dún, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn léjìká mi. Ẹkún ni mo fi pe orúkọ tirẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ wọn gbá ìbọn náà sísàlẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin wa ló bí i. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ." Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó fi di ọgbẹ́ mi, ó sì sìn wá kọjá ibẹ̀.

Mo dé Ugbonla, ilé wa ti jóná. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló wá fà mí dìde, ó mú mi lọ sí ahéré tó ti ń yan ẹja. Ìyá mi wà lẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀, ó ń jẹun. Àwọn ẹbí bàbá mi ló ti fi í pamọ́ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó ń wá a pé ó ti lọ.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní, "Àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu nítorí mi ni kí n fi sílẹ̀?" Kò lọ. Ibẹ̀ náà ló kú sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìhà méjèèjì ló sì jọ sin ín.

Lónìí, ìjà ti tán, a ti ń bá ara wa ná ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í sábà wá ìyàwó kọjá odò mọ́. Àwọn òbí yín ní ẹ̀rù ń ba àwọn, mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ bí irú ọjọ́ yẹn bá tún dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ló kù nínú ọkọ̀ kejì tí yóò sọ pé ọmọ àwọn ni yín?